Saburi Bíòbákú: Gíwá Yunifásítì Èkó tí wọ́n gún lọ́bẹ nítorí ipò

Ojú méjì ni àwọn ènìyàn fi ń wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Saburi Ọládẹ̀ni Bíòbákú. Lójú àwọn tí ó ń ka ìwé ìtàn, òun ni ọ̀mọ̀wé tí ó kọ ìtàn Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́nà tí àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé fi tẹ́wọ́ gbà á, tí ó sì ṣáájú àwọn tí ó ń wá ìtàn Yorùbá kiri lẹ́nu àwọn àgbà. Lójú àwọn tí ó wà ní Èkó lọ́dún 1965, òun ni gíwá tí akẹ́kọ̀ọ́ kan yọ ọ̀bẹ sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀nà tí ó gbà dé orí àga náà kò tọ́. Ẹnì kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọ̀rọ̀ ìwé mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí ìran òde òní mọ bí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí pé títí di òní, bí wọ́n bá ti fẹ́ yan gíwá tuntun ní yunifásítì kan, ariwo kì í pẹ́ sọ.

Ọmọ Ìgbórè, Abẹ́òkúta

Ní oṣù Kẹfà, ọdún 1918, ni wọ́n bí Bíòbákú ní Ìgbórè, ní ìlú Abẹ́òkúta. Ilé mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ní àkókò náà, àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ìwé ìlú. Ilé ìwé Mẹ́tọ́díìsì tí ó wà ní Ogbè ni ó ti mọ a, b, d. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Government College ní Ìbàdàn, lẹ́yìn èyí ni ó wọ Higher College ní Yaba.

Kò tíì sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà nígbà náà. Yaba yìí ni ibi gíga jù lọ tí ọmọ Nàìjíríà lè kàwé dé láìrékọjá òkun. Ó yẹ kí á fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yìí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ Ìgbò, Eni Njoku, gbà kọjá. Oṣù Kọkànlá, ọdún 1917, ni wọ́n bí Njoku ní Ebem, ní agbègbè Ohafia. Nǹkan bí oṣù méje péré ni ó fi ju Bíòbákú lọ. Ẹni tí ó bá rí àwọn méjèèjì nígbà èwe wọn kò lè mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ènìyàn yóò fi orúkọ wọn jà.

Bíòbákú ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Government College tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde, kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàwé ní Exeter, ó kàwé ní Trinity College ní Cambridge, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìtàn ní Yunifásítì London lọ́dún 1951. Iṣẹ́ ìwádìí tí ó ṣe níbẹ̀ ni ó di ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1957, The Egba and Their Neighbours, èyí tí ó sọ ìtàn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn láti ọdún 1842 títí di 1872. Nínú ìwé náà ni ó ti tú ọ̀rọ̀ wò nípa ìlú tí Ṣódẹkẹ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀ dó lábẹ́ Olúmọ, bí àwọn òyìnbó ajíhìnrere ṣe dé, bí ogun Dàhọ̀mì ṣe wá tí ó sì padà, àti bí ọ̀rọ̀ òwò àti ojú ọ̀nà ṣe dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ẹ̀gbá, Ìbàdàn àti ìjọba amúnisìn ní Èkó.

Ìtàn tí ó ń wá kiri

Nígbà tí ó dé láti òkè òkun, ó di akọ̀wé àgbà, ìyẹn rẹ́jísírà, ní University College Ìbàdàn lọ́dún 1953. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di ipò náà mú. Iṣẹ́ rẹ́jísírà kò gba eré. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé gbogbo wà, òun ni ó ń ṣe ètò ìpàdé àwọn ìgbìmọ̀, òun ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òfin ilé ẹ̀kọ́ sọ nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá ń ṣe awuyewuye. Ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì nínú ìṣàkóso yunifásítì.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lọ́dún 1955, ó ṣe àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Lugard Lectures, níbi tí ó ti sọ èrò rẹ̀ lórí ibi tí Yorùbá ti ṣẹ̀ wá. Ó gbà pé láti apá òkè odò Náílì, lẹ́bàá ilẹ̀ Íjíbítì, ni àwọn kan ti ṣí wá sí ilẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó gbé dìde mú kí ọ̀pọ̀ tún ìwádìí ṣe. Lọ́dún 1956, wọ́n fi í ṣe olùdarí ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá tí a mọ̀ sí Yoruba Historical Research Scheme.

Kí ètò yìí tó dé, ìwé tí gbogbo ènìyàn gbójú lé ni èyí tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ìlú Ọ̀yọ́ ni Johnson ti ṣe àlùfáà. Ọdún 1897 ni ó parí ìwé náà, ṣùgbọ́n ọdún 1921 ni ó tó jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Johnson gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́, àwọn tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ìdílé wọn ni láti mọ orúkọ àti ìṣe àwọn ọba tí ó ti wàjà. Ohun tí Bíòbákú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ ni kí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kárí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, kí oríkì, ẹsẹ Ifá, àwọn ohun tí wọ́n wú jáde nínú ilẹ̀, àti ìwé àwọn òyìnbó àtijọ́ sì máa jẹ́rìí sí ara wọn. Ìwé Sources of Yoruba History, tí Bíòbákú ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó sì jáde lọ́dún 1973, wà lára èso ìsapá náà.

Lábẹ́ Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá

Ọdún 1957 ni ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀, ọdún náà sì ni Bíòbákú fi yunifásítì sílẹ̀ tí ó di akọ̀wé fún olórí ìjọba àti ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ní Ìbàdàn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó ní òpin ọdún 1959, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, gba ipò olórí ìjọba, Bíòbákú sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1961. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, títí dé àdúgbò Under G tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún bámú, kò sí ẹni tí orúkọ Akíntọ́lá jẹ́ tuntun létí rẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n fi sọ yunifásítì ìlú náà, LAUTECH, lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ayé rẹ̀, orúkọ náà kan náà ni ó dá ilẹ̀ Yorùbá sí méjì.

Bíòbákú ti kúrò nídìí iṣẹ́ ìjọba kí ìjà tó dé láàárín Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá lọ́dún 1962. Ó ti gba Yunifásítì Ifẹ̀ lọ, níbi tí ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n àti olùdarí ibùdó ìmọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀, àwọn tí ó bá òṣèlú ṣiṣẹ́ mọ̀ pé òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lára aṣọ. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni wọ́n rántí pé ó ti ṣe akọ̀wé fún Akíntọ́lá rí.

Ìjà dé Akọka

Òfin tí ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1962 ni ó dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 131. Eni Njoku ni wọ́n fi ṣe gíwá àkọ́kọ́. Onímọ̀ nípa ewéko ni, ó ti ṣe mínísítà rí, ó sì ti ṣe alága iléeṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba àpapọ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún un, nítorí náà ọdún 1965 ni sáà rẹ̀ yóò pé. Sẹ́néètì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, fẹ́ kí ó tún sáà mìíràn ṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1965, ìgbìmọ̀ alákòóso yunifásítì náà ṣe ìpinnu tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n kò tún Njoku yàn. Saburi Bíòbákú ni wọ́n mú láti Ifẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbóná gbọ́dọ̀ wo bí ìlú ti rí ní àkókò náà. Ní oṣù Kẹta, ọdún 1964, Akíntọ́lá àti àwọn kan tí ó ya kúrò nínú ẹgbẹ́ NCNC dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Dẹ́mọ̀. Ìjọba rẹ̀ gbé ìwé kan jáde tí ó fẹ̀sùn kan àwọn Ìgbò pé wọ́n ti gba ipò tí ó pọ̀ jù ní àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ìdìbò oṣù Kejìlá ọdún náà dá rògbòdìyàn sílẹ̀ débi pé ó ku díẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ dojú dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1965. Lẹ́yìn náà, Richard Akínjídé, ọ̀kan lára àwọn Dẹ́mọ̀, di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún ìjọba àpapọ̀. Ní Ìbàdàn, ọmọ Ìgbò, Kenneth Dike, ni gíwá. Ní Èkó, Njoku ni. Nígbà tí wọ́n wá yọ Njoku tí wọ́n sì fi ọmọ Yorùbá rọ́pò rẹ̀, ta ni yóò gbà pé ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni ó wà nídìí rẹ̀?

Àwọn tí ó gbè lẹ́yìn ìgbìmọ̀ alákòóso ní àlàyé tiwọn. Wọ́n ní sáà Njoku ni ó pé, pé kò sí ẹni tí ó lé e, pé ìgbìmọ̀ ni òfin fún láṣẹ láti yan ẹni tí ó bá wù wọ́n, àti pé Bíòbákú kì í ṣe púrúǹtù. Àwọn tí ó takò ó dáhùn pé bí sẹ́néètì tí ó mọ iṣẹ́ gíwá jù lọ bá ti sọ ti ẹnu rẹ̀ tí wọ́n sì da ọ̀rọ̀ náà nù láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ tí Njoku ṣẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yà àti ti òṣèlú ni. Kò sí ẹni tí ó sọ pé Bíòbákú kò kàwé. Bí wọ́n ṣe yàn án ni wọ́n ń bá jà.

Yunifásítì náà kò tíì ní akẹ́kọ̀ọ́jáde kankan tí yóò gbẹnu sọ fún un. Àwọn tí ó wọlé lọ́dún 1962 láti kọ́ ìmọ̀ òfin àti ìmọ̀ ìṣòwò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra àti jáde ni. Ìwé ẹ̀rí wọn ni yóò kọ́kọ́ gbé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà káàkiri ayé, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ayé lè má ka ìwé náà sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde síta, wọ́n fẹ̀hónú hàn, wọ́n ní Njoku ni àwọn fẹ́. Àwọn olùkọ́ pín sí méjì. Wọ́n ti yunifásítì pa. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, lára wọn ni òyìnbó tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin, L.C.B. Gower.

Láàárín gbogbo èyí, Bíòbákú kò fà sẹ́yìn. Ó lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé òun kò ṣe mọ́, kí ó sì jókòó sí Ifẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wá sí Èkó, ó gba iṣẹ́. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 1965, nígbà tí ó wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú wọn gún un lọ́bẹ.

Ohun tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu jù ni pé ọmọ Yorùbá ni akẹ́kọ̀ọ́ náà. Àwọn tí ó ti ń sọ pé ìjà Ìgbò àti Yorùbá lásán ni kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Ọmọ Yorùbá gún gíwá tí ó jẹ́ Yorùbá, nítorí pé ó gbà pé wọ́n rẹ́ ọmọ Ìgbò jẹ. Kò sí ohun tí ó lè sọ ọ̀bẹ di ọ̀rọ̀ tí ó tọ́, ìwà ọ̀daràn ni. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé iyèméjì tí ó wà lórí yíyàn náà ti wọ inú àwọn ènìyàn ju bí àwọn aláṣẹ ti rò lọ.

Ọdún méje lórí àga

Bíòbákú kò kú. Ó gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ yá, ó sì padà sí ọ́fíìsì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ó ṣeé ṣe kí ó sá. Òun lo ọdún méje, láti 1965 títí di 1972.

Ọdún méje náà kò rọrùn. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1965, ìdìbò ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dá ìjà sílẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ènìyàn àti ilé lára, tí ìlú ń pè ní wẹ́tíẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìpakúpa tí wọ́n pa àwọn Ìgbò ní ilẹ̀ Òkè Ọya lọ́dún náà, ọ̀pọ̀ Ìgbò sá padà sí ìlú wọn, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Èkó náà sì wà lára wọn. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967, kò sì parí títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Inú ìjì yìí ni gíwá tí wọ́n gún lọ́bẹ ti ń wá olùkọ́ tí yóò rọ́pò àwọn tí ó lọ, tí ó sì ń bá iṣẹ́ ìkọ́lé lọ ní Akọka. Ọdún 1967 ni ìjọba ológun ṣe òfin tuntun fún yunifásítì náà.

Njoku náà kò jókòó sílé. Ó lọ kọ́ni ní Amẹ́ríkà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di gíwá Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka lọ́dún 1966. Nígbà tí ogun dé, ó wà lára àwọn tí Biafra rán lọ sí ìpàdé àlàáfíà. Ó kú sí London ní oṣù Kejìlá, ọdún 1974, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ẹni tí ó bá wo ọ̀nà tí àwọn méjèèjì rìn yóò rí i pé kò sí èyí tí kò kún ojú ìwọ̀n nínú wọn. Orílẹ̀-èdè tí ó ní irú wọn méjì yẹ kí ó rí iṣẹ́ fún wọn láìjẹ́ kí wọ́n fi ọ̀kan lu èkejì.

Nígbà tí Bíòbákú kúrò lọ́dún 1972, onímọ̀ ìtàn mìíràn, Ọ̀jọ̀gbọ́n J.F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, ni ó gba ipò náà. Ìjọba ológun yọ òun náà lọ́dún 1978, lẹ́yìn ìfẹ̀hónúhàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a mọ̀ sí Ali Must Go. Àga tí ọ̀rọ̀ òṣèlú ti jókòó lé lórí nígbà kan kì í tètè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà àgbà

Bíòbákú padà sídìí ìwé. Ó ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìmọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ sí ìwé méjì, èkínní lórí ìgbà èwe, èkejì lórí ìgbà àgbà. Àwọn Ẹ̀gbá fi oyè dá a lọ́lá. Ọdún 2001 ni ó jáde láyé, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógójì tí ó ti la ọ̀bẹ kọjá.

Ìdájọ́ tí ó tọ́ sí i kò ṣòro. Ó kàwé tó, ó mọ iṣẹ́ yunifásítì tó, ó sì ní àyà tó. Ohun tí kò ní ni ìgbàgbọ́ àwọn tí ó fẹ́ darí, àwọn tí ó yàn án ni wọ́n sì gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó dé. Ìgbìmọ̀ tí ó bá yan ènìyàn rere ní ọ̀nà tí ìlú kò lóye, ẹ̀rù ni ó gbé lé ẹni náà lórí. Gbogbo ohun tí ó bá ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, ojú yíyàn náà ni wọn yóò máa fi wò ó.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Láàárín ọdún 2020 sí 2021, yíyan gíwá ní Yunifásítì Ìbàdàn fa àríyànjiyàn títí tí wọ́n fi ní láti fi adelé síbẹ̀. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2022, àwọn kan wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú ohun ìṣẹ̀ṣe láti fẹ̀hónú hàn pé kì í ṣe ọmọ Ifẹ̀ ni wọ́n yàn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, LAUTECH jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun lápapọ̀ láti ọdún 1991 títí di ọdún 2020, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò ṣe gíwá sì wà lára ohun tí ó dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín ìjọba méjèèjì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ti pọ̀ lónìí ju ti ọdún 1965 lọ, wọ́n sì ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ alákòóso ọ̀pọ̀ yunifásítì. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe yan gíwá, nítorí pé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà ni ó wà lórí ìwé ẹ̀rí wọn títí ọjọ́ ikú. Ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n máa béèrè kọjá ọmọ ibo ni ẹni náà. Ta ni wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó yàn án? Kí ni ó fà á tí wọ́n fi fi ẹlòmíràn sílẹ̀? Ṣé ọwọ́ òṣèlú kò sí nínú rẹ̀? Ká ní ìgbìmọ̀ ọdún 1965 dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ní gbangba ni, ó ṣeé ṣe kí Saburi Bíòbákú wọ Akọka ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ó sì jẹ́ pé ìwé ìtàn Ẹ̀gbá nìkan ni àwọn ènìyàn yóò máa fi rántí rẹ̀.